Ọ̀rọ̀ Tí Alma Fi Ojú Gbọ́

Kì í ṣe Alma ló fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹnu ayé ò ṣeé dí. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé obìnrin náà fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó lọ ń jẹ fàájì. Irọ́ funfun báláú! Bílì fúnra rẹ̀ ló lé e jáde.

Bílì ti wà ní ọsibítù ní Preston, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àyà rẹ̀ ń dún bí kẹ́tùlù tó ń hó. Òwú ló jẹ ẹ́ ní ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà lẹ́bàá mílì, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi òwú hun aṣọ, la mọ ikọ́ yẹn, a kì í béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Lójoojúmọ́ ni Alma ń jókòó tì í, tó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, kì í sì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìlérí ló ń mú ṣẹ. Bàbá tó bí Bílì kú ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi, ọ̀sẹ̀ tí gbogbo mílì máa ń tì pa nígbà ooru tí gbogbo ìlú á kó ara wọn lọ sétí òkun ní Blackpool. Àwọn ọmọ ń fi iyanrìn ṣeré lọ́hùn-ún, bàbá ń pe orúkọ wọn nínú ilé tí kò séèyàn. Bílì ò gbàgbé títí ó fi darúgbó. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó ní, "Alma, nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Ọjọ́ tó bá di pé mò ń lọ, kí ọwọ́ rẹ wà lọ́wọ́ mi."

"Á wà níbẹ̀," Alma dá a lóhùn. Alma kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn, ara Bílì mókun. Ó dìde jókòó, ó mu tíì, ó tún bú nọ́ọ̀sì pé omi lásán ló pọn fún òun. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni àwọn ahunṣọ àtijọ́ máa ń padà sí Thornshaw, ìlú mílì wa, lọ́dọọdún, láti wo ojú ara wọn, kí wọ́n mọ ẹni tó ṣì kù.

"Lọ jàre, ìwọ obìnrin yìí," Bílì wí. "Ojú rẹ ti sú mi. Lọ bá Hetty ṣòfófó. Kó o sì ra mítípáì Thornshaw bọ̀ fún mi, èyí tí wọ́n ń fún wa jẹ níbí, páálí ni."

"Tó o bá wá kú lẹ́yìn mi ńkọ́?"

"Kí n kú láìtíì jẹ mítípáì? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Janice, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á dúró ti bàbá òun, kí Graham, ọkọ òun, fi mọ́tò gbé ìyá lọ. "Ẹ lọ, Mọ́mì. Bí nǹkan bá yí padà, màá pe Graham lórí fóònù, ẹ ó sì padà wá kíákíá." Alma fẹnu kan iwájú orí ọkọ rẹ̀. Ó lọ.

Kí ni kí n sọ nípa Thornshaw? Òpó èéfín kan ṣoṣo ló kù níbi tí igbó òpó wà tẹ́lẹ̀. Odò tí wọ́n gbẹ́ kọjá láàárín ìlú, tó máa ń pupa lónìí tó ń ṣe búlúù lọ́la nígbà tí a ń pa aṣọ láró, ó ti mọ́ báyìí, àwọn àjèjì ń jókòó sétí rẹ̀, wọ́n ń lá yìnyín dídùn. Ilé tí ìyá mi bí ọmọ mẹ́fà sí, ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú ajá rẹ̀ ló ń gbé e. Ibi tí wọ́n ti ń ta mítípáì, àbẹ́là olóòórùn dídùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Alma dúró lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń wo àbẹ́là.

"Bílì á ṣépè," ó wí fún Graham.

"Ẹ jẹ́ ká ra òmíràn ní ibòmíràn, Mọ́mì."

"Gbàgbé ẹ̀. Ó máa mọ̀."

Mílì náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà kí èèyàn tó wọ ibi tó jẹ́ pé, nígbà tiwa, ẹni tó bá pẹ́ ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn mọ́ síta. Nínú gbọ̀ngàn òfì, àwọn òfì onírin tó kù ò ju ìlà kan lọ. Wọ́n máa ń tan díẹ̀ lára wọn fún àlejò, àwọn ọmọdé á fi ìka di etí, wọ́n á máa sá jáde. Àwọn ìyá wa dúró sáàárín irú ariwo yẹn láti ọmọdé títí wọ́n fi hewú, kò sí ìka tí wọ́n lè fi detí, nítorí ọwọ́ wọn wà lára òwú.

Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin mílì fi ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ láìsí ohùn. Ìwọ yóò la ẹnu dáadáa, ìwọ yóò na ètè, ẹni tó wà ní òpin gbọ̀ngàn á wò ọ́, á sì gbọ́ ọ. Nínú ariwo yẹn ni wọ́n ti ń bú ọ̀gá, tí wọ́n ń sọ ẹni tó lóyún, tí wọ́n ń ṣètò ìgbéyàwó. Àwọn Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá mu bí àwọn obìnrin Thornshaw. Wọn ò fẹ́ràn ọkùnrin onírunmú, nítorí irun ń bo ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ èèyàn, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kan àyà kí wọ́n tó pe orúkọ náà, kí ẹni tó ń wò lè mọ̀ pé èèyàn ni, kì í ṣe nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Hetty ti jókòó síbi tábìlì tíì, ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn òfì. Òfì tirẹ̀ àti ti Alma kọjú síra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú Hetty ti ń ṣú báyìí, ó ní láti sún mọ́ èèyàn kó tó dá a mọ̀.

"Alma! O ṣì wà láyé!"

"Ta ni kó pa mí? Ìwọ tó o dàgbà jù mí lọ ńkọ́?"

"Ẹni burúkú kì í tètè kú. Bílì ńkọ́?"

"Ó ń bú nọ́ọ̀sì."

"Ara ti yá nìyẹn. Mẹkáníìkì mílì kì í kú, wọn ò ní ọpọlọ tí wọ́n á fi mọ̀ pé àsìkò ti tó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Alma. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Hetty wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní òrùlé mílì ń jò, ìjọba ìbílẹ̀ ò ní owó, wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ pa, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń kọ́ ilé olówó ńlá. Ormerod, ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mọ̀, àmọ́ kò fẹ́ kí àwọn arúgbó gbọ́ lọ́jọ́ ayọ̀ wọn.

"Bó fẹ́ bó kọ̀, á sọ ọ́ lónìí," Hetty wí. "Máa wojú ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe tan àwọn òfì nìyẹn. Ilẹ̀ mì, kọ́ọ̀bù ń jó lórí àwo. Alma rí i tí Graham yọ fóònù lápò, tó wo ojú rẹ̀, tó sì sáré jáde sí àgbàlá kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Fèrèsé gíláàsì ńlá wà láàárín wọn. Graham dúró nínú oòrùn, fóònù létí, ọwọ́ lórí. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Ormerod wá bá a, ó dì í léjìká mú, Graham sì yíjú sí i, ó sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí Graham sọ. Janice ló pè. Ó ní bàbá òun ṣubú lulẹ̀ lójijì bí ẹni tí wọ́n gé okùn rẹ̀, mímí ti ń ṣòro fún un, ó sì ń béèrè Alma. Ó ní, "Gbé e bọ̀ báyìí, àmọ́ má sọ fún un àfi tí ẹ bá ti wà nínú mọ́tò, o mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ò lágbára." Graham wá ń bẹ Ormerod pé kó jẹ́ kí òun gbé mọ́tò wọ àgbàlá. Ó ní, "Bílì ti ń parí lọ. Wọn ò rò pé á kọjá òní. Ẹ má tíì jẹ́ kí Alma gbọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ dìde, ẹ lọ síwájú dígí. Ẹ pe Bílì, ẹ má jẹ́ kí ohùn jáde. Ẹ tún pe Mílì. Ẹ rí i? Ètè pa dé, ètè là. Kò sí ìyàtọ̀ tó tó ojú abẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ ahunṣọ ló sọ ọ́, á ti fọwọ́ kan àyà kó tó sọ ọ́. Graham kì í ṣe ọmọ mílì. Òṣìṣẹ́ báńkì ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà lápò.

Ọ̀gá mílì ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí Alma rò?

Ó wò ó láti òpin dé òpin, ó sì yí padà sí Hetty. Nígbà tí òfì dákẹ́, ó pariwo sí i létí pé, "Òótọ́ ni o! Ó ti ń parí. Òní ni. Wọ́n ní kí n má tíì gbọ́!"

"Mo wí fún ọ àbí mi ò wí fún ọ?" Hetty lu tábìlì. "Àwọn olè!"

Ohun tó mú Alma ò yé òun fúnra rẹ̀. Ó ti ṣépè fún ilé yẹn láìmọye ìgbà. Etí rẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ ló sọnù sí. Àyà Bílì, ibẹ̀ ló bàjẹ́ sí. Síbẹ̀, ó pinnu pé òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tàn mú òun kúrò níbẹ̀ bí ọmọ kékeré. Bó bá máa parí, yóò parí lójú òun.

Ìgbà náà ni Graham wọlé. Ojú rẹ̀ funfun bí ìwé.

"Mọ́mì, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ká máa lọ síbo? Tíì mi ò tíì tán."

"Ẹ fi tíì sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Jókòó, Graham. Mo ti mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?"

"Ohun tó ò ń fi pamọ́ fún mi. Mo rí ẹnu rẹ lójú fèrèsé. O ní ó ti ń parí lọ. O ní wọn ò rò pé á kọjá òní. O ní kí wọ́n má tíì jẹ́ kí n gbọ́. Àbí mo parọ́ mọ́ ọ?"

Graham wá ìjókòó, ó jókòó. "Rárá, Mọ́mì. Irọ́ kọ́."

"Ṣé o rò pé màá dákú ni? Ṣebí gbogbo wa la ti ń wò ó tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀."

"Kó tiẹ̀ lọ jàre," Hetty dá sí i. "Owó ìjọba lásán ni wọ́n ń fi ṣòfò lé e lórí."

Graham wo Hetty bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lù. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò lè bú àgbà. Ó di ọwọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ mú. "Mọ́mì, ṣé ẹ ò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá..." Kò lè parí rẹ̀.

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn," Alma wí. "Ibí yìí ni mo ti bá a pàdé, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Ibí yìí náà ni màá ti dágbére fún un. Má wulẹ̀ wọ́ mi kúrò."

"Ó dá yín lójú? Ẹ má lọ kábàámọ̀ o."

"Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi fún un, Graham. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá jí, mi ò fẹ́ fojú kàn án. Àmọ́ kí ni mi ò bá jẹ́ láìsí i? Ó ti tó báyìí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kó máa lọ ní àlàáfíà. Mi ò ní sunkún."

Graham ló sunkún. Ó bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Hetty fi ẹsẹ̀ gbá Alma lábẹ́ tábìlì, ó sì sọ ọ́ ní ẹnu mílì, láìsí ohùn, pé ọkọ ọmọ rẹ yìí mà rọ̀ o, ta ló mọ̀ pé ó fẹ́ràn òfì tó báyìí. Alma fọwọ́ pa Graham lórí. Ó ní, "Má sunkún, ọmọ dáadáa. Ó ti lo ìgbà tirẹ̀."

Nígbà tó yá, Graham jáde, ó pe Janice. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ó ní Mọ́mì ti mọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní wá. Ó ní wọ́n fẹ́ dágbére fún Dádì níbi tí wọ́n ti pàdé. Janice ní, "Ó ní òun ò ní wá?"

"Ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ó ní òun ò ní sunkún."

"Sọ fún un pé mo gbọ́. Kó jókòó síbẹ̀. Kó mu tíì rẹ̀ tán." Ó pa fóònù. Kò tún gbé e mọ́, bí Graham ṣe pè é tó.

Báyìí ni wọ́n ṣe jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Oòrùn ń wọlé látojú òrùlé. Alma rìn láti òfì dé òfì, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró níbi tirẹ̀ pẹ́, ó sì rántí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan, olórí kunkun, tó máa ń ba òfì rẹ̀ jẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ kó lè wá tún un ṣe. Ó dá nìkan rẹ́rìn-ín sí i. Ó ń dúró de ìgbà tí Ormerod á bọ́ sórí àpótí kó kéde. Gbogbo ìgbà tó bá gbójú sókè, Ormerod ń wò ó pẹ̀lú àánú, irunmú rẹ̀ bo gbogbo ẹnu. Kò kéde nǹkan kan. Wọ́n lu aago ìparí, gbogbo wọn tú ká.

"Ojo ni," Hetty wí bó ṣe ń gbá Alma mọ́ra. "Kò lè dojú kọ wá."

Nínú mọ́tò, Graham tẹjú mọ́ ọ̀nà, Alma ń wo ìta. Oòrùn ìgbà ooru yẹn ò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n dé Preston. Ó ti rẹ Alma, àmọ́ inú rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń to ọ̀rọ̀ jọ bí òun á ṣe ro gbogbo rẹ̀ fún Bílì, bí òun á ṣe sín Hetty jẹ, bí Bílì á ṣe bú àwọn tó ń ta àbẹ́là.

Janice wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó dúró, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ kú fàájì. Ṣé ẹ ti dágbére tán?"

"Mo ti dágbére. Wọn ò tilẹ̀ ní ìgboyà láti kéde rẹ̀. Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ó sùn?"

Janice wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo ìyá rẹ̀.

"Ó kú, Mọ́mì. Ó ti kú kí aago márùn-ún tó lù. Ó ń bi mí pé ṣé ẹ ti gbéra. Ó bi mí títí ohùn ò fi jáde mọ́, ètè rẹ̀ ṣì ń bi mí. Mo ní ẹ ti gbéra. Irọ́ ni mo fi sin bàbá mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kórìíra rẹ̀ tó?"

"Kórìíra ta ni? Janice, kí lò ń sọ?"

"Ẹ ní kó máa lọ! Ẹ ní ẹ ò ní sunkún!"

"Mílì ni mo wí bẹ́ẹ̀ fún! Mílì ni mò ń wí! Graham, sọ fún un. Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́ níwájú Ormerod, o ní Mílì ti ń parí lọ."

Ojú Graham là. Wọ́n rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ inú rẹ̀ lọ. "Mọ́mì," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré, "mi ò mẹ́nu ba mílì. Bílì ni mo sọ."

"Irọ́ ni. Mo rí ọ."

"Bílì ni, Mọ́mì."

Alma sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú àgbọ̀n rẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà. "Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́. Má gbóhùn jáde."

Graham sọ ọ́. Ètè pa dé, ètè là.

"Mílì nìyẹn," Alma wí. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Omijé ń ṣàn sí ọwọ́ Alma.

"Mílì ni. Tún un sọ."

"Bílì, Mọ́mì," Janice wí lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ ọ́ síta. Ìbínú ti kúrò lóhùn rẹ̀. "Bílì. Dádì ni."

Alma fi àgbọ̀n Graham sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Mo jókòó síbẹ̀," ó wí. "Ó ń pè mí, mo jókòó síbẹ̀, mo ń mu tíì."